Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Àkànṣe: Bí Lẹ́tà Díráìfù àti Ọ̀nà Fáìlì Unix Ṣe Ń Gbé Inú Ètò Ìṣiṣẹ́ Kan Náà

Ìpele kan ṣoṣo, èyí tó ń túmọ̀ orúkọ fáìlì DOS sí ti Unix, ni mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ níbí, nínú ètò ìṣiṣẹ́ kékeré kan tí mo ń kọ́ fúnra mi. Ètò náà tẹ̀lé ìlànà Unix: gbòǹgbò kan ló ní, tí a ń kọ ní /, gbogbo dísíìkì tí a bá sì so mọ́ ọn ń di ẹ̀ka lára igi kan náà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn púrógíráàmù àtijọ́ tí a kọ fún DOS, ètò ìṣiṣẹ́ tó ṣáájú Windows, lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ pẹ̀lú, láìyí ohunkóhun padà nínú wọn, nítorí pé ìwé ìṣirò owó àti àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ṣe láyé DOS ṣì wà nínú fáìlì tí kò sí ohun tó mọ bí a ti ń ṣí i dáadáa bí kò ṣe púrógíráàmù tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Mo ti ní ohun tó ń ṣe bí ẹ̀rọ 8086, ìyẹn ẹ̀rọ ìṣirò inú kọ̀ǹpútà tí a kọ DOS fún, ó sì ń dá gbogbo ìpè INT 21h dúró, ìyẹn ìpè tí púrógíráàmù fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ DOS. Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Púrógíráàmù á béèrè fún C:\OWO\1991.DBF, kernel mi, ìyẹn ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ náà, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ C.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti fi ìpinnu kan lélẹ̀, òun sì ni gbogbo ohun tó tẹ̀lé e dúró lé: kernel kò gbọdọ̀ mọ lẹ́tà díráìfù kankan, bíi C: tàbí D:, tí DOS fi ń pe dísíìkì. Irú ọ̀nà fáìlì kan ṣoṣo ni yóò máa wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà yóò jẹ́ orúkọ tí púrógíráàmù DOS fi ń pe ibì kan lórí igi náà, a ó sì máa ṣe ìtumọ̀ láti orúkọ kan sí èkejì ní ojúbodè kan péré, ìyẹn ibi tí ìpè INT 21h ti ń wọlé. Tí orúkọ bá ti kọjá ojúbodè yẹn, kò sí apá mìíràn nínú ètò ìṣiṣẹ́ náà tí yóò tún máa wo àmì kólọ̀nù, kí ó máa rò ó bóyá díráìfù ni tàbí apá kan orúkọ fáìlì.

Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá

Ẹni tó bá lẹ́tà díráìfù lórí Windows lè rò pé Microsoft ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wà ṣáájú wọn. Ètò ìṣiṣẹ́ CMS ti IBM ti ń fi lẹ́tà pe dísíìkì lórí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá. Gary Kildall lo irú àṣà bẹ́ẹ̀ nínú ètò ìṣiṣẹ́ CP/M ní 1974, Tim Paterson tẹ̀lé CP/M nígbà tó ń kọ 86-DOS ní 1980, iṣẹ́ yẹn ni Microsoft sì rà, tó di MS-DOS tí ó bá IBM PC jáde ní 1981. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké ìgbà yẹn, lẹ́tà bá iṣẹ́ mu gan-an. A: kì í ṣe orúkọ dísíìkì rárá, orúkọ ihò tí a ń ti dísíìkì bọ̀ ni. Ní DOS, ènìyàn lè yọ dísíìkì kan kí ó ti òmíràn bọ̀ ọ́ láìsọ ohunkóhun fún kọ̀ǹpútà, A: yóò sì máa jẹ́ A: síbẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé n kò ka lẹ́tà sí ohun tí ó yẹ kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dáhùn ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nígbà náà, ó sì dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀nà mìíràn ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie gbà ní Bell Labs nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Unix ní 1969. Unix dà bí àgbolé tó ní ẹnu ọ̀nà kan: ilé tuntun tí a bá kọ́ yóò wà nínú ọgbà náà, ẹni tó ń lọ síbẹ̀ yóò sì gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Ní DOS, ilé kọ̀ọ̀kan ló dojú kọ títì fúnra rẹ̀.

Ohun tó mú kí ọ̀ràn náà díjú ni MS-DOS 2.0, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 1983. Ẹ̀dà yẹn mú fódà inú fódà wọlé bíi ti Unix, ṣùgbọ́n ó fi lẹ́tà sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí náà igi odidi kan wá wà lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Sláàṣì tí Unix fi ń pín orúkọ sì ti ní iṣẹ́ mìíràn nínú DOS, òun ni wọ́n fi ń kọ àṣàyàn lẹ́yìn àṣẹ, bíi DIR /W, ìdí nìyí tí wọ́n fi mú báàkì-sláàṣì fún pípín orúkọ fódà. Síbẹ̀, inú DOS fúnra rẹ̀ gba méjèèjì. Púrógíráàmù tó bá fi C:/OWO/1991.DBF ránṣẹ́ sí ìpè 3Dh, èyí tó ń ṣí fáìlì, yóò rí fáìlì rẹ̀ ṣí. Ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ ni kò ti fẹ́ gbà á. Èyí ṣe pàtàkì fún mi, nítorí pé ìpele mi gbọ́dọ̀ gba àmì méjèèjì lọ́wọ́ púrógíráàmù DOS, kí ó sì máa dá báàkì-sláàṣì nìkan padà fún un.

Ohun tí mo rí kọ́ lára iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú

Windows NT, tó jáde ní 1993, ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lábẹ́ ohun tí olùlò ń fojú rí, igi orúkọ kan ṣoṣo ni NT ní. Ìjápọ̀, ìyẹn orúkọ tó kàn ń darí ẹni lọ sí ibòmíràn, ni C: jẹ́ nínú igi yẹn, tó ń tọ́ka sí nǹkan bíi \Device\HarddiskVolume1, láti Windows 2000 sì ni ènìyàn ti lè so dísíìkì mọ́ fódà kan lórí NTFS, ọ̀nà tí NT fi ń to fáìlì sórí dísíìkì, láìfún un ní lẹ́tà rárá. Wine, tó ń mú púrógíráàmù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux àti àwọn ẹbí Unix yòókù, ṣe é lọ́nà tó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: fódà kan wà tó ń jẹ́ ~/.wine/dosdevices, inú rẹ̀ ni ìjápọ̀ tó ń jẹ́ c: wà, tó lọ sí ../drive_c, àti òmíràn tó ń jẹ́ z:, tó lọ sí / gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ́tà tuntun yóò ṣe ìjápọ̀ tuntun, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn mọ́.

Cygwin àti WSL dúró ní òdìkejì, torí pé púrógíráàmù Unix ni wọ́n ń mú wá sórí Windows. Cygwin fi C: sí /cygdrive/c, WSL fi í sí /mnt/c. Nígbà kan rí, Cygwin máa ń kọ ọ́ ní //c, ṣùgbọ́n èyí forí gbárí pẹ̀lú bí Windows ṣe ń kọ orúkọ kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú báàkì-sláàṣì méjì, nítorí náà wọ́n pa á tì.

Ti MSYS, tí òun náà ń mú irinṣẹ́ Unix wá sórí Windows, ló jẹ́ kí n mọ ohun tí n kò ní ṣe. Nígbà tí MSYS bá fẹ́ ṣí púrógíráàmù Windows kan, ó máa ń wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí olùlò tẹ̀ lé orúkọ púrógíráàmù náà, kí ó sì yí èyí tó bá jọ ọ̀nà fáìlì Unix padà sí ti Windows. Ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, títí di ọjọ́ tí olùlò bá tẹ cmd /c, tí /c tó jẹ́ àṣàyàn lásán bá di C:\, tí ó fi di dandan kí a máa tẹ //c kí ìyípadà náà má bàa wáyé. Ọ̀rọ̀ kò lè sọ fúnra rẹ̀ bóyá ọ̀nà fáìlì ni òun. Ìpè tó gbé e wá ló mọ̀. Ìpè 3Dh ń ṣí fáìlì, nítorí náà ohun tó bá wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà fáìlì láìsí iyèméjì. Ohun tí púrógíráàmù bá kọ sínú fáìlì tàbí tí ó bá gbà láti orí ìlà àṣẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ìpele mi kò sì ní fọwọ́ kàn án.

Ìpìlẹ̀: fódà /drv

Mo ṣe fódà kan lórí igi tó ń jẹ́ /drv, ìjápọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ní lẹ́tà kékeré kan gẹ́gẹ́ bí orúkọ. /drv/c lọ sí /home/dos, /drv/z lọ sí /. Lójú kernel, ìjápọ̀ bíi ìjápọ̀ yòókù ni wọ́n, púrógíráàmù Unix sì lè gba ibẹ̀ kọjá bí ó bá wù ú.

Bí lẹ́tà ṣe ń rí dísíìkì tirẹ̀ gba ìrònú jinlẹ̀. DOS ń pín lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe bá dísíìkì pàdé: ó máa kọ́kọ́ fún ìpín àgbà orí dísíìkì líle kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà, kí ó tó padà wá fún àwọn ìpín kéékèèké. Ẹni tó bá ní C: àti D: lórí dísíìkì kan, tí ó wá ra dísíìkì kejì tó ní ìpín àgbà, yóò rí i pé dísíìkì tuntun ti gba D:, èyí tó ń jẹ́ D: tẹ́lẹ̀ sì ti di E:, tí gbogbo púrógíráàmù tó ti kọ D: sílẹ̀ níbìkan yóò máa wá fáìlì wọn tì. Unix náà kò bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀, nítorí pé lórí Linux, ohun tó ń jẹ́ /dev/sda lónìí lè jẹ́ /dev/sdb lọ́la, ìdí tí a fi ń kọ UUID, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ dísíìkì, sínú /etc/fstab, fáìlì tó ń sọ ibi tí a ó so dísíìkì mọ́, nìyẹn. Mo gba ẹ̀kọ́ yìí wọlé láìjiyàn. Nínú fáìlì /etc/drv, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni a so mọ́ ọ̀nà fáìlì kan tàbí mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a kọ sórí dísíìkì náà fúnra rẹ̀. A kì í so ó mọ́ ipò tí dísíìkì wà nínú ìtò.

A: nìkan ni mo fi sílẹ̀ bí ó ti wà láyé àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ihò. Ohunkóhun tí a bá ti bọ ihò náà ni A: máa jẹ́. Bí ihò bá ṣófo, ìjápọ̀ náà kò ní ibi tó ń lọ, ìpele náà yóò sì dá àṣìṣe 21 padà, tó túmọ̀ sí pé díráìfù wà ṣùgbọ́n kò tíì ṣe tán, kì í ṣe àṣìṣe 15, tó túmọ̀ sí pé kò sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ lásán. Púrógíráàmù tó bá gba 21 máa ń ní kí olùlò ti dísíìkì bọ̀ ọ́, kí ó sì tún gbìyànjú. Èyí tó bá gba 15 máa ń jáwọ́.

Fódà tí púrógíráàmù dúró sí

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti le jù lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń kọ̀wé nípa lẹ́tà díráìfù kì í sábà pẹ́ lórí rẹ̀. Ní Unix, púrógíráàmù kọ̀ọ̀kan dúró sí fódà kan. Ní DOS, ó dúró sí fódà kan lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì tún ní lẹ́tà kan tó jẹ́ ti lọ́wọ́lọ́wọ́. Nítorí náà, C:1991.DBF àti C:\1991.DBF kì í ṣe ohun kan náà. Èkejì wà ní gbòǹgbò C:, ti àkọ́kọ́ sì wà nínú fódà yòówù tí a bá dúró sí lórí C:, bó tilẹ̀ jẹ́ pé D: ni a ń lò lọ́wọ́. Báyìí ni irú ọ̀nà fáìlì ṣe di mẹ́rin: èyí tó ní lẹ́tà àti gbòǹgbò, èyí tó ní lẹ́tà láìní gbòǹgbò, èyí tó ní gbòǹgbò láìní lẹ́tà, àti èyí tí kò ní ọ̀kankan. Unix mọ méjì péré nínú wọn.

Láti DOS 3.0, àtẹ kan ló ń tọ́jú èyí, ó ní ààyè kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ààyè ọ̀nà fáìlì inú rẹ̀ sì jẹ́ báìtì 67. Windows òde òní ṣì ń fara wé e, ó máa ń fi fódà ti lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pamọ́ sínú àwọn ohun àyíká tí orúkọ wọn jẹ́ =C:, =D: àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí a kì í rí nínú àkójọ tí àṣẹ SET ń tò jáde. Mo ṣe irú àtẹ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ààyè 26. Ìbéèrè tó wá tẹ̀lé e ni ti ta ni àtẹ náà yóò jẹ́. Ní Unix, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn púrógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ló ni fódà tirẹ̀. Ọmọ, ìyẹn ìgbésẹ̀ tí ìgbésẹ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀, tó bá kúrò ní fódà kan kò lè mú òbí rẹ̀ kúrò níbẹ̀, òun ló sì fà á tí cd, àṣẹ tó ń yí fódà padà, fi gbọ́dọ̀ wà nínú shell fúnra rẹ̀, ìyẹn púrógíráàmù tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ olùlò. Ní DOS, gbogbo púrógíráàmù ló jọ ń lo àtẹ kan. Púrógíráàmù ètò ìṣirò kan lè yí fódà padà kí ó sì jáde, fáìlì àṣẹ BAT tó pè é yóò sì bá ara rẹ̀ ní fódà tuntun yẹn, ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ohun tó ń retí nìyẹn. Nítorí náà n kò fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àtẹ. Mo so àtẹ náà mọ́ ìjókòó DOS kan lódidi, láti ìgbà tí olùlò bá wọ inú rẹ̀ títí di ìgbà tó bá jáde, ìjókòó méjì tó wà papọ̀ kò sì mọ nǹkan kan nípa àtẹ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ lásán ni mo fi ń tọ́jú fódà wọ̀nyí, n kò lo ìdìmú tí kernel ń fúnni. Bí ẹnìkan láti ẹ̀gbẹ́ Unix bá yí orúkọ fódà náà padà, ìpè tó bá tẹ̀lé e láti ọ̀dọ̀ DOS yóò gba àṣìṣe 3, pé a kò rí ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí DOS gan-an ì bá ti ṣe.

Ohun kan tó ń da àwọn tó ń kọ irú ìpele yìí láàmú ni pé DOS kò fẹnu kò lórí bí a ṣe ń ka lẹ́tà. Ìpè 0Eh, tó ń yan díráìfù, àti 19h, tó ń béèrè èyí tó wà lọ́wọ́, ka A sí 0. Ìpè 47h, tó ń béèrè fódà, 36h, tó ń béèrè ààyè tó ṣẹ́kù, àti báìtì àkọ́kọ́ nínú FCB, àtẹ tí DOS àtijọ́ fi ń mọ fáìlì, ka A sí 1, wọ́n sì fi 0 pamọ́ fún díráìfù ti lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo kọ irú iye méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú kóòdù, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì fún wọn, kí ohun tó ń túmọ̀ kóòdù náà lè kọ̀ jálẹ̀ bí a bá fi ọ̀kan sí ipò èkejì.

Àmì méjì tó ń padà sẹ́yìn

Nínú Unix, kernel ló ń túmọ̀ .. bí ó ṣe ń rìn lórí igi, nítorí náà bí a/b bá jẹ́ ìjápọ̀ tó lọ sí /x/y, a/b/.. máa jẹ́ /x, kì í ṣe a. DOS kò mọ ìjápọ̀. Lójú púrógíráàmù rẹ̀, C:\A\B\.. gbọ́dọ̀ jẹ́ C:\A nígbà gbogbo. Ìpele mi máa ń yanjú .. lórí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó fi ọ̀nà náà lé kernel lọ́wọ́, bí ẹnìkan bá sì gbìyànjú láti gba gbòǹgbò C: kọjá sókè, àṣìṣe 3 ni yóò bá pàdé. Ọ̀nà yìí nìkan ni kò fi ní ṣeé ṣe kí C:\..\..\etc jáde kúrò nínú /home/dos.

Z: mú ìṣòro kan wá tó tan mọ́ èyí. Nígbà tí Z: jẹ́ /, inú rẹ̀ ni DRV wà, inú DRV ni Z tún wà, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa lọ. Púrógíráàmù Unix tó ń wá fáìlì máa ń mọ ìjápọ̀ nígbà tó bá rí i, ó sì lè kọ̀ láti tọ̀ ọ́. Ti DOS á rí i bíi fódà lásán, á sì máa wọlé lọ títí ààyè ọ̀nà fáìlì yóò fi tán. Mo fi /drv pamọ́ pátápátá fún ẹ̀gbẹ́ DOS.

Lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, àti orúkọ Yorùbá

DOS máa ń sọ gbogbo orúkọ di lẹ́tà ńlá, kò sì gbà ju lẹ́tà mẹ́jọ àti mẹ́ta lẹ́yìn àmì ìdánudúró lọ. Kernel mi ka README àti readme sí fáìlì méjì. Òfin tí mo yàn ni pé ìpele náà yóò kọ́kọ́ wá orúkọ tó bá ohun tí a béèrè mu gẹ́lẹ́, bí kò bá rí i, yóò wá èyí tó bá a mu láìka títóbi lẹ́tà sí. Bí irú rẹ̀ bá ju ọ̀kan lọ, èyí tó ṣáájú ní ìtò báìtì ni yóò mú. Fáìlì tuntun tí DOS bá ṣẹ̀dá yóò gba lẹ́tà kékeré lórí dísíìkì.

Orúkọ gígùn ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá orúkọ tí a kọ ní Yorùbá. Àtẹ àmì 437 tí IBM PC bá wá ní á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú àti ù, nítorí àwọn èdè Yúróòpù, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ, ṣ, ń tàbí ǹ. Nítorí náà owó.txt, ọwọ́.txt àti ọ̀wọ̀.txt, tí wọ́n jẹ́ fáìlì mẹ́ta, yóò jọ di OWO.TXT bí a bá kàn ṣí àmì kúrò lórí wọn. Windows 95 yanjú irú èyí pẹ̀lú nọ́ńbà, bíi PROGRA~1, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn sinmi lé fáìlì tó kọ́kọ́ dé inú fódà, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀ lórí dísíìkì. N kò fẹ́ àkọsílẹ̀ kankan. Mo mú lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo bá ti ṣí àmì kúrò, mo fi ~ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àmì mẹ́rin tí a ṣírò láti inú báìtì orúkọ náà lódidi, kí orúkọ kan lè máa ní ìkékúrú kan náà lónìí àti lọ́la. Bí ìkékúrú méjì bá pàdé nínú fódà kan, èyí tó kẹ́yìn ní ìtò báìtì yóò sún síwájú.

Mo ronú lórí bóyá kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ di irú kan náà kí n tó ṣírò, torí pé a lè kọ lẹ́tà kan náà, bíi “ọ́”, ní báìtì oríṣiríṣi: U+1ECD tí U+0301 tẹ̀ lé, tàbí o lásán tí U+0323 àti U+0301 tẹ̀ lé. Mo fi báìtì sílẹ̀ bó ṣe wà. Kernel ka irú méjèèjì sí fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí mo bá sì sọ wọ́n di ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ DOS kò ní lè dé ọ̀kan nínú wọn.

NUL wà nínú gbogbo fódà

Láti ìgbà CP/M ni orúkọ ohun èlò bíi CON ti wà láìsí fódà, nígbà tí fódà sì dé, wọ́n di ohun tó wà níbi gbogbo. NUL, ohun èlò tó ń da gbogbo ohun tí a bá kọ sí i nù, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: C:\OWO\NUL wà bí C:\OWO bá wà. Àwọn tó ń kọ fáìlì BAT sì ti sọ èyí di irinṣẹ́: IF EXIST C:\OWO\NUL ni wọ́n fi ń wádìí bóyá fódà wà. Nítorí náà kò tó kí ìpele náà kàn sọ NUL di /dev/null, irú rẹ̀ ní Unix. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá fódà tó ṣáájú rẹ̀ wà ní tòótọ́.

Yíyí orúkọ padà láàárín lẹ́tà méjì

Ìpè 56h ń yí orúkọ fáìlì padà, ó sì lè gbé fáìlì láti fódà kan sí òmíràn, bí lẹ́tà wọn bá jẹ́ ọ̀kan. Bí lẹ́tà bá yàtọ̀, àṣìṣe 17 ni DOS ń dá padà. Unix ní irú rẹ̀, EXDEV, ṣùgbọ́n ààlà wọn kò sí níbì kan náà. C: àti D: lè jẹ́ fódà méjì lórí dísíìkì kan, kernel á sì gbé fáìlì kọjá láìjanpata; bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka kan lábẹ́ C: lè jẹ́ dísíìkì mìíràn tí a so mọ́ ibẹ̀, kernel á sì kọ̀.

Mo pinnu pé ohun tí púrógíráàmù DOS gbà gbọ́ ni kí ó máa rí. Bí lẹ́tà bá yàtọ̀, ó gba 17, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kernel lè ṣe é, nítorí pé àwọn púrógíráàmù tó mọ iṣẹ́ wọn ń dúró de àṣìṣe yẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àdàkọ. Bí lẹ́tà bá jẹ́ ọ̀kan tí kernel sì dá EXDEV padà, ìpele náà fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe àdàkọ fáìlì náà sínú fódà tó ń lọ, lábẹ́ orúkọ ìgbà díẹ̀, yóò rí i dájú pé ó ti dé orí dísíìkì, yóò fún un ní orúkọ rẹ̀ gan-an, lẹ́yìn náà ni yóò tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Bí iná bá lọ láàárín, fáìlì lè di méjì, ṣùgbọ́n kò ní sọnù. Fún ẹni tí ìwé owó ọdún púpọ̀ wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, n kò rí ìlànà mìíràn tí ọkàn mi balẹ̀ sí.

Ààyè tó ṣẹ́kù lórí dísíìkì kò gba àsìkò tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà báìtì méjì-méjì ni ìpè 36h fi ń dáhùn, nítorí náà dísíìkì tó ju 2 GB lọ ni mo máa ń sọ fún DOS pé ó jẹ́ 2 GB, èyí tó tóbi jù lọ tí FAT16, ọ̀nà tí MS-DOS fi ń to fáìlì sórí dísíìkì, lè gbà. Púrógíráàmù tó bá rí iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lè ka ààyè tó pọ̀ yanturu sí òdo.

Láti Unix padà sí DOS

Nígbà tí olùlò bá bẹ̀rẹ̀ ìjókòó DOS láti inú fódà Unix kan, ìpele náà gbọ́dọ̀ mọ lẹ́tà tí yóò fi pe ibẹ̀. /home/dos/owo lè jẹ́ C:\OWO, ó sì tún lè jẹ́ Z:\HOME\DOS\OWO. Lẹ́tà tí ibi tó tọ́ka sí bá sún mọ́ fáìlì náà jù lọ ni mo ń yàn. N kò fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ níbí, torí pé /home/dos àti /home/dos2 bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Mo ń gun igi náà sókè láti fódà dé fódà, mo sì ń fi nọ́ńbà dísíìkì àti nọ́ńbà inode, ìyẹn nọ́ńbà tí kernel fi ń mọ fáìlì tàbí fódà kọ̀ọ̀kan, wé ti ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń lọ. Fódà tí ọ̀nà rẹ̀ bá gùn ju ohun tí àtẹ DOS lè gbà lọ kò ṣeé wọ̀, ṣùgbọ́n olùlò lè fún un ní lẹ́tà tirẹ̀ kí ọ̀nà náà lè kúrú, bí àṣẹ SUBST ti ń ṣe láti DOS 3.1. Fún ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ orúkọ fúnra rẹ̀, àṣẹ kékeré kan wà tó ń jẹ́ ona, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí cygpath àti wslpath ń ṣe: ona -d fún ti DOS, ona -u fún ti Unix.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ báyìí ni ti ìpè 5Ch, tí púrógíráàmù fi ń ti apá kan fáìlì pa kí ẹlòmíràn má bàa kọ nǹkan sí i. Níwọ̀n bí fáìlì kan ti lè ní orúkọ lábẹ́ lẹ́tà méjì, inode ni títì náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé orúkọ, ó sì gbọ́dọ̀ bá títì tí ẹ̀gbẹ́ Unix ń lò mu. Títí tí èmi yóò fi parí rẹ̀, ìpele náà kò ní jẹ́ kí ìjókòó DOS méjì ṣí fáìlì kan fún kíkọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá dé kẹ́yìn yóò gba àṣìṣe 32.